Omi Kì Í Dá Gún

Ìdí ọkọ̀ wa ha iyanrìn, ọkọ̀ sì dúró. Inú ọkọ̀ ni àbúrò mi obìnrin wà, wọ́n fi ìró ìyá àgbà wé e, gìrì ti mú un. Ilé ìwòsàn wà ní òdìkejì adágún tó wà níwájú. Odò tóóró tó so adágún tiwa mọ́ ọn ni a gbà wọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, odò náà ti di ẹrẹ̀ àti koríko jíjẹrà.

Mo sọ fún ìyá àgbà tó jókòó níwájú ọkọ̀ pé, "Ó ti gbẹ, Màmá."

"Ẹnu ẹ ló gbẹ. Dákẹ́, jẹ́ n gbọ́ràn."

Eyín àbúrò mi ń ró keke. Ìyá àgbà tẹ orí sí koríko. Nígbà tó yá, èmi náà gbọ́ ọ: ẹja kéékèèké ń ta pàpà nínú koríko, wọ́n ń sá kúrò nínú omi tó ń fà, wọ́n ń wá èyí tó jìn.

"Ibi tí ẹja bá ń gbà, omi ṣì wà níbẹ̀. Bọ́ sílẹ̀, ọkọ mi. Tì í!"

Ẹrẹ̀ mù mí dé orúnkún.

"Ṣé ìwọ lò ń ti ọkọ̀ ni, àbí ọkọ̀ ló ń fà ọ́?"

Yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe, àmọ́ ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Inú bí mi, mo tì í tagbáratagbára. Eyín àbúrò mi ò ró mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ìyá àgbà ò wẹ̀yìn.

Ó ní, "Adágún ni wọ́n ń pè é. Irọ́ ni. Omi kì í dá gún. Ó ń sinmi ni."

Ọkọ̀ yọ̀, ó bọ́ sínú omi jíjìn. Nọ́ọ̀sì gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Ó yè.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó wọ kíláàsì àwọn àgbà ní Dagenham nílùú òyìnbó níbí. Láìpẹ́ yìí, olùkọ́ fi àwòrán ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan hàn wá, ní ìpẹ̀kun àríwá ayé. Adágún lọ súà. Ó ní bí yìnyín bá yọ́, odò kéékèèké á so wọ́n pọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, odò á gé. Ẹja tí kò bá tètè kọjá lè há sínú omi tí yóò dì délẹ̀. Mo rántí ẹja inú koríko ọjọ́ yẹn.

Mo gba inú ọgbà ìgbafẹ́ Parsloes Park lọ sílé. Fóònù dún. Àbúrò mi inú ọkọ̀ ọjọ́ yẹn ni, láti ilé wa létí adágún. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ńṣe ni mo máa ń jẹ́ kó dún tán. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé e.

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ ti dákẹ́ jù."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí. Òun náà ò pa á. Mo dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.