Òfin Tí Mo Ṣe Nítorí Faransé

Ọmọ mi obìnrin kò tíì pé ọdún kan nígbà tí mo ṣòfin nínú ilé wa ní Plateau, níbi tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níwèé, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a sọ Nàgó, èdè abínibí wa. Faransé nìkan ni. Olùkọ́ ni mí. Lọ́dọọdún ni mo ń rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n á jókòó ní kíláàsì, tí wọ́n á kàn máa wò mí lẹ́nu, torí wọn ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Mo búra pé tèmi ò ní sí lára wọn. Ọkọ mi ní òfin náà ti le jù. Mo bi í bóyá òun ló máa kọ́ ọmọ náà níwèé. Alágídí ni mí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

Ìyá ọkọ mi ló ń bá wa tọ́jú ọmọ. Sakin ni wọ́n ti wá, wọ́n fi oko sílẹ̀ nítorí wa. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ òfin náà fún wọn. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, ìyàwó." Bí mo bá lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ekóólù láàárọ̀, àwọn méjèèjì ló kù nílé. Bí mo bá sì dé, ìwé àwọn ọmọ oníwèé ni mò ń yẹ̀ wò.

Ọmọ pé ọdún méjì, kò sọ̀rọ̀. Ó pé méjì ààbọ̀, kò sọ̀rọ̀. Kì í sì í ṣe pé kò gbọ́n. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á gbé àgbọ̀n sókè. Bí oorun bá ń kùn ún, á gbá ẹní lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, á fa etí. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ ló dá àwọn àmì náà sílẹ̀. Mo ju ṣíbí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí n fi mọ̀ bóyá adití ni. Ó yíjú, ó mú ṣíbí, ó gbé e fún mi. Aládùúgbò kan ní kí n máa fi agogo bu omi fún un mu kó lè fọhùn. Mo bù ú o, èmi olùkọ́! Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ mi ò ní sọ̀rọ̀ láéláé.

Níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, obìnrin tó gbé e sórí ìwọ̀n bi mí ẹni tó ń wà pẹ̀lú rẹ̀ lójúmọmọ. Mo ní ìyá ọkọ mi ni.

"Kí ni wọ́n máa ń bá a sọ?"

Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo kọrí sílé.

Nígbà tí mo délé, Màmá ń ṣa ẹ̀wà, ọmọ jókòó tì wọ́n. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń bá a sọ látàárọ̀?"

"O ní n ò gbọdọ̀ sọ Nàgó. Faransé tí mo gbọ́ ò ju bọ́njúù lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ń kí i ní bọ́njúù. Lẹ́yìn náà mo máa ń dákẹ́."

"Títí di ìrọ̀lẹ́?"

"Ọwọ́ la fi ń sọ ọ́."

Wọ́n fa etí. Ọmọ dìde, ó lọ gbé ike ìtọ̀ rẹ̀ wá.

Obìnrin tó máa ń bá ewúrẹ́ pàápàá rojọ́ ní Sakin ni mo pa lẹ́nu mọ́! Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́; tèmi ti fọ́ láti nǹkan bí ọdún méjì, n kò tiẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀. Mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ̀wé. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò panu mọ́ mọ́. Wọ́n ń dárúkọ gbogbo ohun tó wà lágbàlá fún un, wọ́n ń bú adìyẹ, wọ́n ń kọrin. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: omi, adìyẹ, rárá. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé ta ló da omi sílẹ̀. Ọmọ jáde sí mi, ó dá mi dúró.

"Ẹ rọra. Màmá ń sùn. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n."

Nàgó pọ́ńbélé. Mo bọ́ bàtà mi, mo rọra wọlé.