Tábìlì Tí A Fi Ìgúnpá Wọ̀n

Òórùn pákó òyìnbó ni ó máa ń kọ́kọ́ padà wá bá mi. Kò jọ òórùn ìrókò tàbí ti àfàrà tí mo mọ̀ láti ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní ọjà pákó Bódìjà. Ó fẹ́lẹ́, ó dà bí ọṣẹ tí èèyàn gbàgbé sáàárín aṣọ. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ilé ìwé wa ní Àgbowó, òórùn náà á ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí. Ìmọ́lẹ̀ á máa gba àárín gíláàsì fèrèsé wọlé ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, eruku á máa jó nínú rẹ̀, á sì rọra balẹ̀ sórí àwọn àpótí pákó ńlá mẹ́rin tó wà láàárín ilé.

Ẹ̀rọ ni ó wà nínú àpótí náà. Ìjọba ló fi wọ́n ránṣẹ́ kí n tó dé ilé ìwé yẹn rárá, fún kíkọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní Íńtírò-Tẹ́ẹ̀kì. Ẹnikẹ́ni kò ṣí wọn rí. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa, màmá kan tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, sọ pé ẹrù ìjọba ni, pé wọ́n lè wá béèrè rẹ̀ nígbàkigbà. Nítorí náà, orí ẹ̀rọ ni àwọn ọmọ mi ń jókòó sí láti kọ́ nípa ẹ̀rọ.

Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé girama, irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì máa ń kí mi ní ẹ káàárọ̀ bí ẹni pé èmi ni tíṣà. Nígbà tí mo wá di tíṣà lóòótọ́, ohun tó bá ti wà nínú ìwé nìkan ni mo gbà gbọ́. Rúlà kan tó gùn ju apá mi lọ wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo fi ń ya tábìlì sójú bọ́ọ̀dù láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó bá ti mọ tábìlì láti ọ̀nà mẹ́ta yìí ti mọ̀ ọ́n tán. Nígbà tí ohun tí a ó yà tán, mo ní kí àwọn ọmọ ya ohun tí wọ́n rò pé ó wà nínú àpótí. Sáà kan gbáko ni wọ́n fi yà á. Ọmọbìnrin kan ya ẹ̀rọ tó ń gbé odindi igi mì lápá kan, tí àga sì ń jáde lápá kejì, pẹ̀lú ẹni tó ti jókòó sórí rẹ̀, tó ń mu tíì.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn wa, lábẹ́ igi máńgòrò, ni olùkọ́ obìnrin kan ti ń kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé. Wọn kò ní yàrá. Orí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń gbé ìkòkò sí, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni olùkọ́ náà, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó máa ń tọ́ èèyàn níjà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bọ̀dá Káfíńtà ni ó ń pè mí. Bí eruku pákó wa bá fò lọ bá wọn, á ránṣẹ́ sí mi pé mo kú iṣẹ́, pé àwọn ti rí iyọ̀ tí mo fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, òjò ṣàdédé dé, ó sì ba agbada pọ́ọ̀fù-pọọfu kan jẹ́ pátápátá. Àwọn ọmọ rẹ̀ sá wọ gbọ̀ngàn wa, omi ń kán lára wọn, wọ́n ń wo àwọn àpótí tó jókòó jẹ́jẹ́ níbi tó gbẹ. Ọjọ́ kejì ni olùkọ́ wọn lọ bá ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n fún òun ní gbọ̀ngàn náà. Ọ̀gá àgbà ní àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ ní ìparí sáà, ẹni tí wọ́n bá bá tó ń fi ibẹ̀ ṣiṣẹ́ gidi ni ó máa ni ín. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún mi. Wọn kò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀. Bí gbọ̀ngàn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kò sí ibòmíràn tí a ó ti máa kọ́ Íńtírò-Tẹ́ẹ̀kì, èmi náà á sì padà sí ọjà pákó tí mo ti bá wá.

Mo bẹ ọ̀gá àgbà títí ó fi gbà kí n ṣí àpótí. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ìṣó ń ké bí a ṣe ń yọ wọ́n, pákó funfun ń ṣubú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń tú bébà olóòróró kúrò lára ẹ̀rọ bí ìgbà tí wọ́n ń tú aṣọ kúrò lára ọmọ tó sùn. Àwọ̀ ewé ni wọ́n, wọ́n ń dán. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Iná oníwáyà mẹ́ta, irú ti ilé iṣẹ́ ńlá, ni wọ́n ń lò. Wáyà kan ṣoṣo ló wọ ilé ìwé wa, kò lè yí wọn, gílóòbù gan-an ló ń fi ìkanra tàn.

Ọmọbìnrin tó ya ẹ̀rọ onítíì wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Sà, tiwa dáa ju èyí lọ."

Olùkọ́ ìdáná dé ẹnu ọ̀nà, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń retí kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò wo ẹ̀rọ pẹ́. Pákó tó wà nílẹ̀ ni ó ń wò. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe, mo sì nawọ́ sí tábìlì tó wà lójú bọ́ọ̀dù.

"Ta ló máa lò ó?"

Mo ní tábìlì ni, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó.

"Ẹnikẹ́ni ò sí níbí, Bọ̀dá Káfíńtà. Ẹ wọn tábìlì lọ́nà mẹ́ta, ẹ ò wọn èèyàn kankan." Ó ká apá rẹ̀ bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun. "Bó bá ga ju ibí lọ, èjìká ló máa dùn wá. Bó bá kúrú, ẹ̀yìn ni."

Mo mú téèpù, mo sì wọ̀n láti ilẹ̀ dé abẹ́ ìgúnpá rẹ̀. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ọwọ́. Téèpù ń yẹ̀, mo ní kó má mira, ó ní òun ò mira. Lẹ́yìn náà, a wọn àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú, gíga àti kúkúrú. Ọjọ́ yẹn ni mo pa ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù rẹ́, tí a sì tún un yà.

Ayùn ọwọ́ ni a fi ṣe gbogbo rẹ̀. Tábìlì tirẹ̀ ni a kọ́kọ́ ṣe. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọlé wá dán an wò, wọ́n á po ìyẹ̀fun díẹ̀, wọ́n á ní ó kù díẹ̀, a ó sì tún gé e. Nígbà tí òjò tún dé, wọ́n kó sítóòfù wọlé. Mi ò lé ẹnikẹ́ni jáde. Òórùn pákó àti ti òróró gbígbóná dà pọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ń lálàá lójúmọmọ.

Ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò dé, apá kan ń gé pákó, apá kejì ń dín pọ́ọ̀fù-pọọfu. Épúrọ́ọ̀nù àwọn ọmọ kọ́ sára ẹ̀rọ ìjọba. Bàbá tó ṣáájú wọn béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kan dáhùn pé ó ń sinmi ni, sà. Bàbá náà wá yíjú sí àwa méjèèjì, ó ní ta ló ni yàrá yìí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń há ìdáhùn mi sórí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Tiwọn ni, sà," tí ọwọ́ mi sì ń tọ́ka sí olùkọ́ ìdáná. Òun náà ti na ṣíbí tó fi ń dín nǹkan sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Tiwọn ni, sà."

Bàbá náà mú pọ́ọ̀fù-pọọfu kan, ó jẹ ẹ́ tán. Ó sọ fún ọ̀gá àgbà pé kí ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe dúró nídìí iṣẹ́ tíṣà nìyẹn. Bí mo ṣe fẹ́ ìyàwó nìyẹn náà. Nígbà tí ó kúrò ní ilé ìwé yẹn, wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ fún un, ó sì bá wa dé ilé wa ní Àkóbọ̀. Àmì ọfà dúdú tí wọ́n kùn sára àpótí láti fi apá òkè hàn ṣì wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó ń tọ́ka sí ilẹ̀.

Ìyàwó mi ti ṣaláìsí. Èmi ni mo ń gé àlùbọ́sà lórí tábìlì náà báyìí. Mo ga ju ìyàwó mi lọ, mo ní láti tẹ̀ba, ẹ̀yìn á sì máa ro mí díẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin wá kí mi láìpẹ́ yìí, ó dúró wò mí, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí ó lè ga.

Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo ní a ti wọ̀n ọ́n.