Yunifásítì Tí Mo Fi Ìbínú Yàn

Òórùn ọṣẹ tó ń hó lórí iná kò dùn rárá. Mo rántí bí ó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ mi láti ilé iṣẹ́ wa lẹ́bàá Màálù Róòdù títí dé yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Ìyàwó mi yóò ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin tí ẹ ń se ọṣẹ, ẹ̀yin náà lẹ ń rùn!" Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Ẹnjiníà kẹ́míkà ni mí, mo sì fẹ́ lọ gboyè dókítà.

Ọ̀gá mi kì í lo ohun èlò ìwọ̀n. Ahọ́n ló fi ń tọ́ ọṣẹ wò. Bí kò bá ti ta á lẹ́nu, ọṣẹ ti jinná nìyẹn. Èmi ni mo ṣàwárí ọ̀nà tí a fi ń gba sódà tí a fi ń se ọṣẹ padà nínú omi tó ṣẹ́kù, òun ló fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Síbẹ̀, òun náà ni mo lọ bẹ̀ pé kó kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. "O ò tíì mọ ọṣẹ tọ́ wò, o fẹ́ di dókítà!" Ó kọ ọ́ ṣá, ó lẹ̀ ẹ́ pa sínú àpòòwé mẹ́rin. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ìyàwó mi ní ká tú ọ̀kan wò. Mo ní èèwọ̀, a kì í tú lẹ́tà àgbà. Mo fi mẹ́ta ránṣẹ́, yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀ mí. Ni ìyàwó mi bá gbé ìkẹrin sí ooru kẹ́tùrù, ó tú u, ó kà á sí mi létí: olè ni mí, mo ń jí iṣẹ́ ọ̀gá mi.

Olùkọ́ mi àtijọ́ ló wá jẹ́rìí mi, ibi méjì sì gbà mí. Ọ̀kan wà ní Èkó níbí, ẹ̀kọ́ nípa omi mímu tí mo fẹ́ràn jù. Ilé ni n ó ti máa lọ. Èkejì wà nílùú ọba, ẹ̀kọ́ nípa ọṣẹ, ọdún mẹ́rin, kò sí àyè fún ìyàwó àti ọmọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀gá mi ti kàwé láì gboyè.

"Ṣé ìwé lẹ fẹ́ lọ kà ni," ìyàwó mi bi mí, "àbí ìjà lẹ fẹ́ lọ jà?"

"Ìwé ni."

"Omi tí ẹ ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín ńkọ́?"

Mo purọ́ fún un pé ti ọṣẹ ló níyì jù. Àwọn àgbà ní ẹ̀san kò gbóògùn. Èmi rò pé èmi gan-an ni ẹ̀san, mo wọ kóòtù òtútù, mo lọ.

Nígbà tí mo gboyè tí mo padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wa àtijọ́ pè mí wá yẹ ọṣẹ wọn wò. Mo fi hàn wọ́n pé sódà inú rẹ̀ ń bó àwọn alágbàfọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá mi dìde. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì." Mo ní kó fi ahọ́n tọ́ ọ wò lójú gbogbo wa. Ó tọ́ ọ wò. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n dá a dúró. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Mo sáré lọ ròyìn fún ìyàwó mi. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́. Ó ti tán báyìí, àbí?" Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa yọjú, ó nawọ́ sí mi. "Mọ́mì, ṣé àńkù yẹn máa sùn níbí lónìí náà?"

Mo ti sin ìyàwó mi báyìí. Wọ́n ní ọ̀gá náà ṣì wà ní Olódì-Apápá, ara rẹ̀ le koko. Ó ń bí mi nínú pé òun ló ṣẹ́kù, n kò sì tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gba ọdún mẹ́rin yẹn lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ẹni tó gbà á, èmi ni mò ń fá irùngbọ̀n fún un nínú dígí láràárọ̀.