Ẹ̀rọ Tó Ń Ya Ọ̀nà

Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Mùktárù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló ń ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní gbogbo Sátidé. Orí rẹ̀ ni máàpù wọn. Àfi lọ́dún 1998 tí Rilwan, àbúrò gbogbo wọn, ra ẹ̀rọ kékeré kan ní àlòkù, lówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀rọ ọ̀hún ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì lójú ọ̀run, ó sì ń ya ibi tí èèyàn bá gbà sójú ara rẹ̀. Ni gbogbo ẹnu bá di ti ẹ̀rọ. Mùktárù ń hó bí ọṣẹ. Irin tí wọ́n ń ki bátìrì bọ̀ nídìí ni wọ́n wá ń fi òun wé?

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ mú wọn yí ẹ̀yìn Ojú Ẹlẹ́gbà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí orí ẹ̀rọ lè dàrú. Wọn kì í gun kẹ̀kẹ́ kọjá ẹ̀gbọ́n, wọn kì í sì í bi í léèrè ọ̀nà. Wọ́n ń làágùn tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n dé, Rilwan gbé ẹ̀rọ wá. Kò dàrú rárá. Gbogbo ìyípo náà ló wà níbẹ̀, ó lọ́ bí ìfun ewúrẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Àbí ẹ ṣìnà ni?"

Gbogbo ojú yí sí Mùktárù. Bó bá ní òun ò ṣìnà, kí ni yóò ní òun ń ṣe?

Ó ní:

"Mo ṣìnà."