Bàbá Ẹ-Gbọ́-Ná àti Àwọn Onígìtá Rẹ̀

Ìgbà tí ìyàwó Bàbá gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn, Bàbá ń bá a wí ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà. Ó ti rù hangogo, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rù. Obìnrin náà yọ fóònù láti inú báàgì, ó ní, "Bàbá, mo rí ẹnìkan."

"Ta lo rí?"

"Onígìtá."

Bàbá wò ó bíi pé ó ṣi wọ́ọ̀dù wọ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì sáré wọlé. "Nọ́ọ̀sì, ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, èmi kọ́ lara mi ò yá." Bí obìnrin náà ṣe fẹ́ tẹ fóònù, ó nawọ́ sókè. "Ẹ gbọ́ ná! Má fi nǹkan yẹn gbé gìtá wá bá mi. Fóònù a máa sọ gìtá di yànmùyánmú. Tí mo bá délé, a ó fi rédíò ńlá gbọ́ ọ, màá sì sọ ọ́ lórúkọ fún ọ."

Kò délé mọ́.

"Ẹ gbọ́ ná" yìí ni gbogbo àdúgbò sọ di orúkọ mọ́ ọn lórí. Onígbàjámọ̀ ni Bàbá Ẹ-Gbọ́-Ná. Orí ló ń gẹ̀ jẹun, àmọ́ orin jáàsì ló ń mú un jí láàárọ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo jáàsì o. Ẹni tó ń fun fèrè lè fun ún títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi bẹ́, kò kan Bàbá. Gìtá nìkan ni tirẹ̀. Tí gìtá bá ti dá sọ̀rọ̀ nínú rédíò, kílípà gbọ́dọ̀ dákẹ́, nítorí ó ní kílípà ò mọ ìgbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ lọ kí àna ló jẹ́ kí òkìkí rẹ̀ kàn. Bàbá ti gẹ ẹ̀gbẹ́ òsì orí rẹ̀, ó dán gbinrin. Kó bọ́ sí ọ̀tún báyìí, gìtá dé.

"Ẹ gbọ́ ná!"

"Bàbá, àwọn àna mi ń retí mi."

"Àna ò lọ síbì kankan. Orin yìí ló ń lọ."

Orin parí, Bàbá mí kanlẹ̀, ó tẹ kílípà. Iná ti lọ. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi sísọ́ọ̀sì parí rẹ̀, Bàbá fárígá, ó ní òun ò lè ba iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́. Fìlà ni wọ́n yá a. Ó dé ọ̀hún, wọ́n ní kó ṣí fìlà kí àwọn rí ojú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n fún un níyàwó ṣá o, àmọ́ ìyá ìyàwó kọ́kọ́ fa ọmọ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú pé odindi ni?"

Bí àwọn tó fẹ́ odindi orí ṣe ń sá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ gìtá ń wá. Àwọn méjì ni wọn ò yẹ̀: awakọ̀ tírélà kan tí ariwo ẹ́ńjìnnì ti di etí rẹ̀ òsì, àti fọganáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà. Orúkọ àwọn onígìtá yẹn ò ṣe é pè. Tí wọ́n bá gbìyànjú ẹ̀, á dà bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Nítorí náà, ohun tí gìtá bá ń sọ ni wọ́n fi ń pe ẹni tó ń ta á. Ẹni tó gbọ́ èdè wa kò lè gbọ́ gìtá kó má gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohùn á lọ sókè, á wálẹ̀, á dúró láàárín, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ló lè rí onígìtá tuntun gbé wá, ṣùgbọ́n Bàbá nìkan ló ń sọ wọ́n lórúkọ.

Ọjọ́ kan ni gìtá kan béèrè nǹkan.

"Ọkọ mi dà?" ni Bàbá wí. "Obìnrin ló ń wá ọkọ ẹ̀."

Awakọ̀ fò dìde. "Ó tì o, Bàbá! Ohùn kejì wálẹ̀. Ọkọ̀ mi dà? Wọ́n ti jí tírélà ẹ̀ gbé ni!"

"Kò wálẹ̀," ni fọganáísà wí, "ó lọ sókè ni. Ọkọ́ mi dà? Àgbẹ̀ ni ọkùnrin yẹn. Ẹ ò gbọ́ bí ìka ẹ̀ ṣe le?"

"Afẹ́fẹ́ táyà ti wọ̀ ẹ́ létí."

"Etí méjì ló kúkú wọ̀. Ìwọ tó o ní ẹyọ kan ńkọ́?"

Wọ́n jà títí orin fi parí láìsí ẹni tó gbọ́ ìyókù. Bàbá wá dájọ́. "Ohun yòówù kó sọnù, ó ń wá a." Bí ọkùnrin yẹn ṣe di Ó-Ń-Wá-A nìyẹn.

Fọganáísà yìí náà ló fura pé onígìtá méjì tí Bàbá pè ní Má-Kánjú àti Sáré-Wá, ẹnìkan náà ni, àárẹ̀ ló mú un lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ kejì. Bàbá ò gbà.

"Ìwọ náà, ṣé o kì í sáré lọ́jọ́ kan, kó o rìn lọ́jọ́ kejì?"

"Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà ni mo ṣì ń jẹ́."

"Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi mọ̀ ẹ́ ní rédíò."

Ìyàwó Bàbá kò bá wọn dá sí i. Ó ní orin wọn kò ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n kàn ń tú okùn wò bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Tí Bàbá bá pè é pé kó wá gbọ́, á ní òun ń fọ abọ́. Abọ́ ilé yẹn mọ́ ju ti ọsibítù lọ.

Àfi àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ aṣọ nílé lóun nìkan. Rédíò ń sọ tirẹ̀, kò kọbi ara sí i, ni gìtá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Obìnrin náà dúró. Áyọ́ọ̀nù náà dúró. Nígbà tí òórùn èéfín pè é padà, áyọ́ọ̀nù ti dá ihò sí ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn.

"Kí ló gbà ẹ́ lọ́kàn tó báyìí?" ni Bàbá béèrè nírọ̀lẹ́.

"Oorun ni."

Kò fẹ́ sọ ọ́ nílé. Ó ti ní kí ọmọbìnrin wọn bá òun wá orin náà sórí fóònù. Orí bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ló fẹ́ jókòó sí, lójú awakọ̀, lójú fọganáísà, kí òun náà wí lẹ́ẹ̀kan láyé òun pé, "Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ," kí ọkọ òun sì wá orúkọ fún un. Kí Sátidé tó dé, àìsàn gbé Bàbá dè.

Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, àwọn ọkùnrin méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọn ò mọ̀ bóyá káwọn wọlé. Ìyàwó Bàbá ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ jókòó. Mo ní ẹnìkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́." Ọmọbìnrin rẹ̀ fi wáyà so fóònù mọ́ rédíò ńlá, wọ́n gbọ́ ọ.

Orin náà parí. Fọganáísà fi àkísà ọwọ́ rẹ̀ nu omi ojú, ọ́ìlì yí i lójú. Awakọ̀ wò ó, ẹ̀rín pa á.

"Ìyá, níbo lẹ ti rí eléyìí? Bàbá ì bá yarí."

"Á ní òun ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀."

"Lójú àlá!" ni fọganáísà wí, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì rọra ń rọlẹ̀.

"Kí ló ń sọ gan-an, Ìyá? Ẹ̀yin lẹ rí i, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ lórúkọ," ni awakọ̀ wí.

Obìnrin náà nawọ́ sí rédíò ńlá. Ó ní kí wọ́n gbé e sí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n ṣì ń wá ní Sátidé. Wọ́n ti mọ orin náà dé ibi tí ìka onígìtá ti ń yọ̀ lórí okùn. Onígìtá náà kò tíì lórúkọ.