Ẹ Sún Mọ́ra

Shailaja ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan ní Mysuru. "Ẹ sún mọ́ra" ti sú u. Bí ọ̀gá rẹ̀, Nanjundappa, ṣe ń sọ ọ́ fún èrò ló ṣe ń sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀gá, mo ti sọ ọ́ títí! Gbogbo ètò tó bá tọrọ àyè nínú ìrántí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yìí ń ṣèlérí fún, àyè ọ̀hún ò sì tó. Tí gbogbo wọn bá lọ gbà á pọ̀, èyí tó gba àyè jù ló máa pa."

"Kó kó ẹrù díẹ̀ sórí dísìkì!"

"Ó ti kó o! Ìyẹn ló ṣe ń wọ́ bí ìgbín."

"Kí wọ́n sún mọ́ra jàre."

Nígbà ọdún Dasara, tí èrò máa ń ya wọ̀lú, kọ̀ǹpútà pa ètò tó ń tọ́jú orúkọ èrò. Àwọn òṣìṣẹ́ bá ń fọwọ́ kọ tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tà á ju àga lọ. Nírọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì tí Shailaja wọ̀ kún dẹ́nu. Nanjundappa àti àpò rẹ̀ gba àga méjì níwájú.

Awakọ̀ ní, "Ẹnì kan á sọ̀ kalẹ̀ o!"

"Ẹ sún mọ́ra!" Ọ̀gá yíjú sẹ́yìn. "Shailaja, àbí kí ìwọ sọ̀?"

"Èmi kẹ̀? Ọ̀gá, ẹni tó gba àyè jù la máa ń pa. Àánú yín ló ṣe mí tí mo fi ní kí ẹ kàn sọ̀ kalẹ̀."