Ẹni Tó Ń Bá Wa Wẹ Ọmọ

Màmá Kétu fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé àbúrò mi sókè, omi gbígbóná ń kán tótó lára rẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. "Ké dáadáa, ọkọ mi! Àyà rẹ á le!" Wọ́n jù ú sókè, wọ́n hán an, wọ́n na apá rẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀. Òórùn ọṣẹ dúdú àti òrí gba gbogbo ilé. Ooru mú lọ́jọ́ náà, fèrèsé wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìlú kékeré kan lẹ́yìn Lyon nílẹ̀ Faransé là ń gbé nígbà yẹn, ilé gogoro kọjú sí ilé gogoro. Ìbàdàn làwọn òbí mi ti wá, wọn ò gbọ́ Faransé rárá nígbà tá a kọ́kọ́ débẹ̀. Kétu nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni Màmá Kétu ti wá ní tiwọn, Yorùbá bíi tiwa, wọ́n sì ń sọ Faransé bí ẹni mumi. Àwọn ni wọ́n ń mú Mọ́mì lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá jọ ń bẹ iṣu, wọ́n á máa kọ́ Mọ́mì lédè, wọ́n á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ahọ́n rẹ ti le jù, àfi bí igi!"

Àṣé aládùúgbò kan ti rí ọmọ tó ń fò lókè lójú fèrèsé wa, ó sì ti ké sí ìjọba. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé kanlẹ̀kùn. Ó bá Màmá Kétu lórí àpótí, ọmọ lórí itan wọn. Ó bi Mọ́mì pé, ta ni màmá yìí, ṣé ẹbí yín ni?

Ìyá tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbọmọ lọ́wọ́ òun, kí ni kò ní sọ? Mọ́mì ní, "Rárá o. Kì í ṣe èèyàn wa. Ó kàn máa ń wọlé ni." Faransé tó já gaara ni, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Màmá Kétu ló kọ́ wọn. Yéè! Ojú gbà mí tì, bíi kí ilẹ̀ lanu.

Màmá Kétu wo Mọ́mì díẹ̀. Wọ́n wá dá obìnrin náà lóhùn pé, "Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo ń fagídí wẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́." Wọ́n gbé ọmọ fún Mọ́mì, wọ́n rọra sọ fún wọn ní Yorùbá pé, "Fi òrí pa á lára kó tó gbẹ." Wọ́n jáde, wọn ò wá mọ́.

Tá a bá pàdé wọn níwájú lífìtì, Mọ́mì á kúnlẹ̀, wọn ò ní lè gbójú sókè. "Ṣé ara ọmọ le?" ni Màmá Kétu máa ń bèèrè, wọn kì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Kò pẹ́ sígbà náà, a kó wá sí Kánádà.

Nígbà tí mo bímọ ní Weston yìí, Mọ́mì wá láti Courtice wá bá mi wẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fa kọ́tìnnì dí fèrèsé kí wọ́n tó pọn omi. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, mo ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ fi orúkọ Màmá Kétu kún ti ọmọ yìí. Kí lorúkọ wọn gan-an?"

Mọ́mì ń ká aṣọ ọmọ.

"Mi ò bi wọ́n rí," ni wọ́n wí.

Èmi náà ò bi wọ́n. Ìtìjú yẹn ò kúrò lára mi dòní. Obìnrin tó bá wa ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn, a ò mọ orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n.